Yíǹkì Tuntun, Àwọ̀ Àtijọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni tó ń Pààrọ̀ Àwọ̀ Nínú Kálàmù

Kálàmù tí mò ń sọ níbí ni fountain pen, èyí tó ní ẹnu irin tó là láàárín, tí a máa ń fa yíǹkì sí nínú. Kì í ṣe bíròò. Yábàá ni mo ti ń tún un ṣe, àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí sì làwọn tó ń dán oríṣiríṣi àwọ̀ wò máa ń bi mí jù. Bí àwọ̀ tuntun bá ń ṣe ségesège, ohun tó ṣẹ́kù sínú kálàmù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, ẹ má tíì bá ìgò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ra yíǹkì àwọ̀ ọsàn kan ní Ìdúmọ̀tà. Nínú ìgò, ó ń dán, ó wuyì. Mo fà á sínú kálàmù tí mo fi ń kọ búlúù tẹ́lẹ̀, àwọ̀ kan tó ṣókùnkùn, tí kò pọ́n tí kò sì dúdú, ló ń jáde. Bẹ́ẹ̀ mo fi omi ṣàn án kí n tó fà á o. Ṣé gbàrọgùdù ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Má tíì padà lọ bá ẹni tó tà á fún ọ. Yí kálàmù náà, kí o wo abẹ́ ẹnu rẹ̀. Wàá rí ike dúdú kan tí wọ́n la ojú kéékèèké sí lára. Feed ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gbé yíǹkì lọ sí ẹnu kálàmù, tó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé láti rọ́pò yíǹkì tó jáde. Àárín àwọn ojú wọ̀nyẹn ni búlúù sá pamọ́ sí, omi tí o ṣàn sí i lẹ́ẹ̀kan ò sì débẹ̀. Búlúù lágbára: ìwọ̀nba díẹ̀ ti tó láti ba àwọ̀ ọsàn tàbí ìyeyè jẹ́.

Bu omi tútù sínú ife, ki ẹnu kálàmù bọ̀ ọ́, máa fi converter, ìyẹn ọ̀pá kékeré inú kálàmù tó ń fa yíǹkì tó sì ń gbà á sínú, fà á, máa tú u dà, títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró sí, ó sì yá jù láti dúró. Yọ converter kúrò, ká tíṣù sínú ife gbígbẹ, gbé kálàmù sí i kí ẹnu rẹ̀ fara kan tíṣù náà, fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Nígbà tí o bá yẹ̀ ẹ́ wò, wàá rí i pé tíṣù funfun ti ní òrùka búlúù, àárín rẹ̀ ṣú, etí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ara kálàmù tí o rò pé ó ti mọ́ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o pààrọ̀ tíṣù. Ìgbà tí tíṣù bá mu omi láìní àwọ̀ kankan ni kálàmù ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Fa ọsàn rẹ nígbà náà, kí o wá wò ó.

Omi tí a fi ń fọ̀ ọ́ náà ṣe kókó. Omi bóòhóòlù ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó ní irin nínú. Ẹ wo bí bákẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń pọ́n. Ẹ lè fi ṣe fífọ̀ àkọ́kọ́, àmọ́ píọ́ wọ́tà ni kí ẹ fi ṣàn án kẹ́yìn. Omi gbígbóná ò gbọ́dọ̀ kàn án, torí ó lè tẹ feed tí wọ́n fi ike ṣe, ó sì lè ṣá àwọ̀ kálàmù àtijọ́ tí wọ́n fi rọ́bà líle ṣe. Ẹni tí kì í ráyè fọ̀ ọ́ dáadáa, kó máa ti orí àwọ̀ tó fẹ́lẹ́ bọ́ sórí èyí tó ṣú: ìyeyè, lẹ́yìn náà ọsàn, lẹ́yìn náà pupa, kó tó wá kan búráùn. Láti inú èyí tó ṣú padà sínú èyí tó fẹ́lẹ́ ló máa ń le.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àkókà. Yíǹkì kálàmù wọ́n jù fún mi, mo wá lọ ra yíǹkì printer ní Computer Village, Ìkẹjà, torí pupa rẹ̀ rẹwà. Ó kọ dáadáa níbẹ̀rẹ̀, ó wá dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi tínà fọ̀ ọ́.

Ìdáhùn: Jọ̀ọ́, má fi tínà kàn án. Tínà ń yọ́ ike, kálàmù náà á sì kọjá àtúnṣe. Mo mọ̀ pé owó ló fà á, ṣùgbọ́n yíǹkì kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí wọ́n ṣe é fún. Ọ̀pọ̀ yíǹkì kálàmù jẹ́ aró tó yòrò sínú omi pátápátá. Yíǹkì printer míì jẹ́ lẹ́búlẹ́bú tó kàn wà káàkiri inú omi láìyòrò. Tó bá gbẹ sáàárín àwọn ojú feed, ó di pé kó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Èyí tí àwọn atẹ̀wé ń lò ní Ṣómólú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún kálàmù, torí epo ni wọ́n fi ń pò ó. India ink àwọn ayàwòrán sì sábà máa ń ní shellac, ìyẹn oje tí kòkòrò kan ń sun. Bí ìyẹn bá ti gbẹ, omi lásán ò lè yọ ọ́ mọ́.

Rẹ ẹnu kálàmù náà sínú omi tútù mọ́jú ná. Bí kò bá là, wá amóníà tí wọ́n ń lò nínú ilé, kì í ṣe èyí tó le tí àwọn oníkẹ́míkà ń tà fún iléeṣẹ́. Po ìdá kan rẹ̀ mọ́ ìdá 10 omi, kán ọṣẹ ìfọbọ́ ẹyọ kan sí i, rẹ ẹnu kálàmù sí i fún wákàtí díẹ̀, lẹ́yìn náà kí o fi omi púpọ̀ ṣàn án. Ṣí fèrèsé sílẹ̀. Má jẹ́ kí amóníà pàdé bílíìsì kankan o, èéfín tí àwọn méjèèjì ń mú jáde lè pa ẹ̀dọ̀fóró lára.

Bí àwọ̀ kan bá tún wù ọ́, ra dip pen olówó pọ́ọ́kú, èyí tí a kàn ń tì bọ yíǹkì. Kò ní feed, kò ní converter. O dán àwọ̀ wò, o nu ẹnu rẹ̀, ó tán.

Ìbéèrè: Lọ́yà ni mí, ìtòsí Ìgbóṣẹrẹ́ ni ọ́fíìsì wa. Ọmọ mi mú yíǹkì Pelikan 4001 blue-black wá fún mi láti Jámánì. Tí mo bá fi buwọ́ lùwé, búlúù ni. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti dúdú. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ rárá, mà. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ó wà lára àwọn yíǹkì tí wọ́n ń pè ní iron gall. Irin tó ti yòrò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ásíìdì tí àwọn ará àtijọ́ máa ń yọ láti inú kókó tó ń hù lára igi oak. Búlúù tí ẹ ń rí lákọ̀ọ́kọ́ jẹ́ aró tí wọ́n fi sí i kí ojú lè rí ohun tí ọwọ́ ń kọ. Afẹ́fẹ́ ló wá ń sọ irin náà di dúdú lórí ìwé. Ẹ rántí bí aṣọ àdìrẹ ṣe máa ń ní àwọ̀ ewé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró, tó jẹ́ pé ìta, nínú afẹ́fẹ́, ló ti ń di búlúù. Afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ló ń ṣiṣẹ́ níbí.

Mo fẹ́ràn yíǹkì yìí gidigidi fún ìwé tó máa pẹ́ nílẹ̀. Royal blue tó wọ́pọ̀, omi òjò díẹ̀ ti tó láti pa orúkọ èèyàn rẹ́. Irú iron gall ni àwọn registrar ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kọ ìbí àti ìgbéyàwó sínú ìwé ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ ásíìdì inú rẹ̀ lè jẹ ẹnu kálàmù tó jẹ́ irin tí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ tó gbẹ. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lóṣooṣù, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ tán pátápátá kí yíǹkì mìíràn tó wọbẹ̀.

Ìbéèrè: Tíṣà ni mí ní Sùúrùlérè. Yíǹkì pupa tí mo fi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ń ta gbòǹgbò, ó sì ń yọ sẹ́yìn ìwé. Àsìkò òjò ló máa ń le jù.

Ìdáhùn: Ìwé gan-an ló fà á, tíṣà wa. Ìwé tí kò dára ń mu yíǹkì, ọ̀rinrin àsìkò òjò sì ń dá kún un. Ẹ ò lè pààrọ̀ ìwé àwọn ọmọ, ẹnu kálàmù lẹ lè pààrọ̀: ẹ wá èyí tó tín-ín-rín, tí wọ́n kọ EF tàbí F sí lára, kí ẹ sì lo yíǹkì tí kì í ṣàn jù. Àwọn Pelikan 4001 kì í ṣàn púpọ̀. Iroshizuku tí Pilot ilẹ̀ Japan ń ṣe ń ṣàn dáadáa, ó sì dùn ún lò lórí ìwé tó ki, àmọ́ lórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò da yín láàmú. Pupa máa ń kun converter, nítorí náà ẹ ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún un.

Ìbéèrè: Mo po búlúù mọ́ pupa kí n lè rí àlùkò. Ó jáde dáadáa. Nígbà tó yá, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò.

Ìdáhùn: Dà á nù. Yíǹkì kan lè ní ásíìdì, kí èkejì jẹ́ òdìkejì ásíìdì. Tí wọ́n bá pàdé, aró inú wọn lè já kúrò nínú omi. Baystate Blue tí Noodler's ń ṣe ní Amẹ́ríkà lókìkí fún èyí, ó tún máa ń kun ike. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ nínú feed tí wọn ò fọ̀ tán, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ fífọ̀. Bí pípò bá wù ọ́, ilé iṣẹ́ Platinum ní àwọn yíǹkì Mix Free tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Tó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn, fi síríńjì bu díẹ̀díẹ̀ sínú ìgò kékeré, dé e, fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí o gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá mọ́, kálàmù tí kò wọ́n ni kó kọ́kọ́ wọ̀.

Ìbéèrè: Mo fi kálàmù sápò láti Ọbáléndé dé Ọ̀ṣòdì, yíǹkì kún inú ìdérí rẹ̀.

Ìdáhùn: Ooru ara àti ti inú dáńfó ló mú kí afẹ́fẹ́ inú converter fẹ̀, ó sì ti yíǹkì jáde. Bí yíǹkì bá kún inú rẹ̀, àyè afẹ́fẹ́ á kéré. Gbé e kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè.

Ìbéèrè: Nǹkan funfun kan ń léfòó lójú yíǹkì mi, ó sì ń rùn.

Ìdáhùn: Ó ti bu. Má sẹ́ ẹ, má dán an wò lórí ìwé. Sọ òun àti ìgò rẹ̀ nù. Fi omi amóníà tí mo júwe lókè fọ gbogbo kálàmù tó ti mu nínú rẹ̀, àti converter wọn pẹ̀lú, kí wọ́n má baà kó o ran ìgò mìíràn. Má bu omi lé yíǹkì nínú ìgò rẹ̀ láé, torí ó ń dín agbára oògùn tí kì í jẹ́ kó bu kù. Bí o bá fẹ́ fa yíǹkì, bu ìwọ̀nba sínú ife kékeré, kí o dé ìgò náà pa kíá. Èyí tó bá ṣẹ́kù sínú ife, fi dip pen kọ ọ́ tán tàbí kí o dà á nù. Má dà á padà sínú ìgò.