Bí A Ṣe Ń Kágò Lórí Fóònù

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé onílé kì í ṣàdédé ti ilẹ̀kùn wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni yóò ti kágò pé "Àgò onílé o," ìgbà tí wọ́n bá sì dáhùn pé "Àgò yà" ni yóò tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ìwọ̀nba àsìkò tó wà láàrin ìpè àti ìdáhùn yẹn ni onílé fi ń ko ohun tó wà nílẹ̀, tó fi ń wérí, tó sì fi ń pa ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ kí àlejò gbọ́ mọ́ ẹnu. Fóònù ní tirẹ̀ kò ní ìloro. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí GSM ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní nọ́ńbà wa lè ká wa mọ́ orí ibùsùn, balùwẹ̀ tàbí ibi ìsìnkú. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí a ṣe lè dá àgò yẹn padà, pàápàá nígbà tí ẹni tí a fẹ́ pè bá jù wá lọ.

Àkókò ni a fi ń ké àgò àkọ́kọ́. Ṣáájú aago 7 òwúrọ̀, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì wà lórí àdúrà. Lẹ́yìn aago 9 alẹ́, ìpè a máa já ọkàn. Aago 3 òru kò ṣe é dán wò àyàfi bí ilé bá ń jó, nítorí pé kí onítọ̀hún tó gbé fóònù, yóò ti ka gbogbo ẹbí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tó kú. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ni kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Ẹni tó parí iṣẹ́ ní Houston ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, tó wá ní òun fẹ́ kí ìyá òun n'Íbàdàn, aago 11 alẹ́ ló ti lù lọ́dọ̀ ìyá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, nígbà òtútù sì rèé, ó ti di aago 12 òru. Bí ó bá pè kí ó tó jáde nílé ní aago 6 òwúrọ̀, ọ̀sán gangan ni ìyá yóò fi gbọ́ ohùn rẹ̀.

Bí wọn kò bá gbé e, kí a tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kí a sì dúró. Ẹni tó kágò tí kò gbọ́ ìdáhùn kì í fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá bá ìpè 12 lórí fóònù rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo yóò gbà pé aburú ti ṣẹlẹ̀, nígbà tó sì jẹ́ pé iye tí wọ́n ń ta aṣọ òkè ni ẹni tó ń pè fẹ́ béèrè. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìlà kan tó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí ti tó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí kíákíá," láìsí àlàyé, ìpayà ni ó ń fi ránṣẹ́.

Ìkíni ni ó ṣòro jù, nítorí pé ojú ni ìkíni Yorùbá gbára lé. Ẹni tó wà lóko ni à ń kí pé "Àroko bọ́dún dé o", ẹni tó ń dirí ni à ń kí pé "Ojú gbooro o," tí yóò sì dáhùn pé "Òòyà á yà á o", ìyá tó pàtẹ ni à ń kí pé "Ajé á wọ igbá o." A ti rí ohun tí wọ́n ń ṣe kí a tó mọ bí a ó ṣe kí wọn, ṣùgbọ́n lórí fóònù a kò rí nǹkan kan. Nítorí náà, ìkíni àkókò ni kí a fi ṣíde, "Ẹ káàárọ̀ mà" tàbí "Ẹ káàsán sà," kí a sì dárúkọ ara wa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò yẹ kí a sọ àgbàlagbà di ẹni tó ń já àlọ́ àpamọ̀ pẹ̀lú "Ṣé ẹ kò dá ohùn mi mọ̀ mọ́ ni?" Lẹ́yìn orúkọ ni kí a béèrè pé "Ṣé mi ò dí yín lọ́wọ́?" Bí ìyá bá fèsì pé ọjà ni òun wà, ìgbà náà gan-an ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kí i: "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá." Ọmọkùnrin lè fi "Mo dọ̀bálẹ̀ o" kún un, ọmọbìnrin a sì ní "Mo kúnlẹ̀ o." Bí ó bá jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ni ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ ti dà á délẹ̀, òun àti Ọlọ́run ló mọ̀.

Owó ìpè náà ní òfin tirẹ̀. Nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ń san owó ìṣẹ́jú kan gbáko, títí Glo fi dé ní ọdún 2003 pẹ̀lú owó ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àsìkò ọ̀wọ́n yẹn ni fíláàṣì, ìyẹn kí a pe ènìyàn kí a sì gé e kí ó tó gbé e, kí ó lè pè wá padà, ti wọ̀ wá lára. Àgbà lè fíláàṣì ọmọdé. Ọmọdé kì í fíláàṣì àgbà. Bí àgbà bá sì pè wá, "Ẹ jẹ́ kí n pè yín padà" ni kí a kọ́kọ́ sọ, kí káàdì wọn má baà máa jó. Bí wọ́n bá kọ̀, kí a má jiyàn, nítorí pé àríyànjiyàn náà ń jẹ káàdì.

Kí a má ṣe pe àgbà lórí fídíò láìkọ́kọ́ tọrọ àyè, kí a sì jẹ́ kí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ mọ̀ bí ẹlòmíràn bá ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́, kí "ẹ" má di "o," kí a má sì fi lẹ́tà kan ṣoṣo dá ẹni tó kọ ìlà márùn-ún sí wa lóhùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù ni ìròyìn ikú. Títúfọ̀ ní ìlànà láàrin wa. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ ni wọ́n ń rán, yóò jókòó, yóò fi pẹ̀lẹ́tù bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sì ní aṣọ tí wọ́n fi ń bò ó: ọba wàjà, bàbá ti re ibi àgbà ń rè, tàbí pé ara wọn kò yá, kí ọmọ máa bọ̀ wálé. Fóònù ti bọ́ aṣọ yẹn sílẹ̀. Mo mọ obìnrin kan tó jẹ́ pé àwòrán àbẹ́là tí mọ̀lẹ́bí kan gbé sórí WhatsApp ni ó fi mọ̀ pé bàbá òun ti kú, inú ọkọ̀ èrò ni ó sì wà. Bí irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ̀ tí ọmọ olóògbé kò sì sí nítòsí, kí a wá ẹni tó sún mọ́ ọn níbi tó ń gbé, ìbáà ṣe ìyàwó, ọkọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àlùfáà rẹ̀, kí onítọ̀hún lọ bá a lójúkojú. Bí kò bá sí ẹni tó lè lọ, kí a kọ́kọ́ béèrè ibi tó wà, nítorí pé ẹni tó ń wakọ̀ lórí afárá Third Mainland kò yẹ kí ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ó bá ti jókòó, tí ẹnì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni kí a tó sọ ọ́, kí a sì dúró lórí ìlà náà títí ẹkún yóò fi lọ sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ ohunkóhun sójú ìkànnì ẹbí kí olórí ẹbí tó sọ̀rọ̀.

Ó wá ku bí a ṣe ń parí ìpè. Àgbà ni ó ń gé fóònù. "Ó dàbọ̀" àkọ́kọ́ kì í ṣe òpin. Àdúrà ni yóò tẹ̀lé e, a ó sì máa ṣe àmín títí wọn yóò fi dákẹ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá àti bàbá wa kì í rántí tẹ bọ́tìnnì pupa. Wọn a gbé fóònù kalẹ̀, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹni tó wà nílé sọ̀rọ̀. Bí a bá ti ka ení, èjì, ẹ̀ta, tí kò sí ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀ mọ́, kí a gé e fúnra wa, pàápàá bí a bá gbọ́ tí wọ́n dárúkọ wa.