Bí A Ṣe Ń Túmọ̀ Tract Láì Ṣìnà

Ìwé láti Nàìjíríà ń gba Ìlárá wọ Kétu wa ní Olómìnira Benin bí ẹrù ọjà. Ìwé òògùn ni o, ìwé ilẹ̀ ni, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn, ọ̀dọ̀ mi sì ni wọ́n ń kó wọn wá kí n dà wọ́n sí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń da àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí láàmú: tract. Ẹni tó gbọ́ Faransé dáadáa gan-an ló máa ń kọ́kọ́ kọsẹ̀, torí lẹ́nu àwa ará Benin, tract ni ìwé pélébé tí wọ́n ń pín kiri nígbà ìbò tàbí nígbà ìyanṣẹ́lódì. Gẹ̀ẹ́sì ní ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ó tún fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ọ̀nà inú ara, ó sì tún fi pe ilẹ̀ tó tẹ́ lọ.

Inú èdè Látìn ló ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a fa nǹkan. Ohun tí a fà, gígùn ló ń gùn. Ìdí nìyẹn tí Àkàbà Ìdènà wa kò fi lè jẹ́ tract láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọ ìlú Kétu láyé àtijọ́: ẹnu ibodè ni, ojú kan ló wà. Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí tract, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí nǹkan bá ń gba ibẹ̀, ẹ kọ "ọ̀nà". Bí kò bá sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Nínú ara niṣẹ́ pọ̀ sí. Fún digestive tract, ẹ má wulẹ̀ ṣẹ̀dá orúkọ gbàǹgbà. "Ọ̀nà oúnjẹ" ti tó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu, ó gba ọ̀fun dé àpòlúkù, ó wọ ìfun kékeré tó máa ń gùn tó nǹkan bíi mítà 6 nínú àgbàlagbà, ó bọ́ sínú ìfun ńlá tó jẹ́ bíi mítà kan àbọ̀, ó wá yọ sí ihò ìdí. Àwọn kan máa ń kọ "ìfun" lásán. Èmi kò fara mọ́ ọn: ẹni tí ọgbẹ́ wà ní àpòlúkù rẹ̀ yóò ka ìwé náà, yóò sì ní kò kan òun.

Respiratory tract ni "ọ̀nà èémí". Bí wọ́n bá fi upper ṣáájú rẹ̀, ẹ má kọ "òkè ọ̀nà èémí", ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò máa wá òkè. Ẹ kọ "láti imú dé ọ̀fun", ó parí.

Èyí tí ń dá ìjà sílẹ̀ ni urinary tract infection. Mo ti rí ìwé kan tí ẹnì kan kọ "àtọ̀sí" sí. Màmá tí mo kà á fún dá mi dúró lójú ẹsẹ̀: "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ń sọ pé ọkọ ọmọ mi ti lọ kó nǹkan wálé ni?" Ó tọ́ kó béèrè. Àtọ̀sí, ìbálòpọ̀ la fi ń kó o. Àrùn ọ̀nà ìtọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: lọ́pọ̀ ìgbà, kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé nínú ìfun wa ló ń ti ẹ̀bá ihò ìdí wọ ojú ìtọ̀. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde lára obìnrin kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ kó tó kan àpò ìtọ̀, ti ọkùnrin tó bíi 20, ìyẹn ni àrùn náà kì í fi í jìnnà sí obìnrin. Ẹ kọ "àrùn ọ̀nà ìtọ̀", kẹ́ ẹ fi kún un pé láti kíndìnrín dé ojú ìtọ̀ ni. Àwọn nọ́ọ̀sì wa kúkú ń pe ọ̀nà náà ní voies urinaires, Faransé náà sọ pé ọ̀nà ni.

Ó ku ilẹ̀. Tract of land kò sọ bí ilẹ̀ ṣe tó, ẹ wá iye éékà rẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé. Éékà kan kò tó ìdajì ẹ́kítà tiwa, ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni. Ẹ má pè é ní parcelle, ìyẹn abala ilẹ̀ lédè Faransé, bí wọn kò bá tíì wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì pín in. Ibi tí a kò dáko sí, ilẹ̀ gbalasa ni. Igbó tí àdá kò tíì kàn ni ẹ̀gàn, ibi tó jẹ́ koríko ni ọ̀dàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ẹkùn" sínú ìwé ilẹ̀ títà, àfi bí baálé náà bá ń ta ìlú tòun tọba. Ìwé àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà ni "ẹkùn" ti wúlò: census tract wọn jẹ́ ẹkùn ìkànìyàn, ó sì sábà máa ń gba èèyàn 1,200 sí 8,000.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì kò le, "ìwé àṣàrò kúkúrú" ni wọ́n ń pè é. Tó bá jẹ́ ti ìbò, "ìwé ìléwọ́".

Ẹ ó tún pàdé rẹ̀ nínú ìwé ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọ̀nà náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ihò, ìròyìn ló ń gba ibẹ̀ láti ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. "Ìdì iṣan" ni mo máa ń kọ. Ẹ sọ ohun tí iṣan náà ń ṣe mọ́ ọn, torí iṣan náà la fi ń pe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà.