Owó orí fóònù yín ń dín kù? Bí mo ṣe máa ń tọpa rẹ̀ nìyí

Ọjà Ìgbọ̀nà l'Óṣogbo ni mo ti ń ta kádì àti síìmù, lábẹ́ agboòrùn kan tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà. Kì í sí ọjọ́ kan kí ẹnìkan má na fóònù sí mi pé, "Ìyá Kádì, wọ́n tún ti jẹ owó mi." A mọ ariwo pa, a kì í tọpa owó. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ti gbà kí àwọn iléeṣẹ́ fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, kì í tún ṣe ohun tí èèyàn ń fojú fò mọ́.

Ẹ tẹ *310# lálẹ́, ẹ kọ iye tó kù sílẹ̀. Láàárọ̀, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ tún un tẹ̀. Bó bá ti dín, ó ń jò nìyẹn. Ti dátà, *323# ni. Gbogbo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló ń lo nọ́ńbà wọ̀nyí báyìí. Tẹ́lẹ̀, oníkálukú ló ní tiẹ̀, mo kọ gbogbo rẹ̀ sára páálí kan tí mo so mọ́ ọ̀pá agboòrùn, àfìgbà tí NCC ní kí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀kan náà lọ́dún 2023. Mo ti fi páálí yẹn dáná.

Ẹ má tíì bú ẹnikẹ́ni o. Ẹ wò ó bóyá gbèsè lẹ jẹ. Ẹni tó bá yá owó ìpè tàbí dátà, wọ́n á yọ owó tiwọn lórí ẹ̀, ìgbà tó bá tún ra kádì ni wọ́n á gba gbogbo ẹ̀ padà. Bàbá kan ti ń wá òkúta tó máa fi fọ́ síìmù níwájú mi, àṣé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń yá dátà lórí ẹ̀ lóru. Irú ẹjọ́ yẹn, ilé ni ẹ ti máa parí ẹ̀.

Bí kì í bá ṣe gbèsè, á jẹ́ pé ẹ ti forúkọ sílẹ̀ fún nǹkan láìmọ̀: ìròyìn bọ́ọ̀lù, àwàdà, orin, àdúrà. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó jókòó tì mí, fóònù tọ́ọ̀ṣì kékeré ló ń lò. Ojú mi ló ṣe: ìyá ń ka owó lọ́wọ́, fóònù dún, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan fò sójú ẹ̀. Ìyá fi àtàǹpàkò tí ẹlùbọ́ ti kùn funfun tẹ bọ́tìnì kan kí ojú fóònù lè mọ́, ó sì padà sídìí owó tó ń kà. "OK" ni bọ́tìnì yẹn. Ó ti gbà nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ₦50 láràárọ̀.

Ẹ tẹ *305#, kí ẹ mú ara yín kúrò nínú ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀. Mẹ́ta ni mo bá lórí ti ìyá. Ẹ dúró kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń sọ pé ó ti parí wọlé, ẹ má sì pa á rẹ́, torí ẹ̀rí yín ni.

Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹ kọ STOP, ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442, ọ̀fẹ́ ni. Àtọdún 2016 ló ti wà, síbẹ̀ ekukáká ni mo fi ń rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bó bá ní irú tí ẹ ṣì fẹ́ máa gbà, HELP ni kí ẹ kọ, wọ́n á to nọ́ńbà irú kọ̀ọ̀kan fún yín kí ẹ lè mú èyí tí ẹ fẹ́. Tí ẹ bá wá rí i pé nọ́ńbà tí báǹkì máa ń fi ránṣẹ́ láti dá yín mọ̀ kì í wọlé dáadáa mọ́, ẹ fi ALLOW ránṣẹ́ síbẹ̀ kan náà.

Owó tó ti lọ ńkọ́? Ibí ni wàhálà wà. Ẹ pe 300. Orin á pẹ́, ẹ má gé e. Bí èèyàn bá gbé e, ẹ má fi èpè bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye tó ń lọ, àti orúkọ ohun tó ń gbé e. Kí wọ́n tó kí yín pé ó dàbọ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní wọ́n á fi ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n kà á síta. Ẹ̀yìn páálí bíṣíkíìtì ni mo kọ ti ìyá sí, mo ní kí ọmọ tó wà lórí ìlà kà á padà kí n tó jẹ́ kó lọ.

Ẹ fún wọn láyè díẹ̀. Bí wọn ò bá ṣe nǹkan kan, ẹ pe 622 lọ́jọ́ iṣẹ́. NCC ni yẹn, owó kì í lọ. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ ti kọ́kọ́ fi tó iléeṣẹ́ yẹn létí, wọ́n á sì bèèrè tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá ní in, á padà lọ gbà á. Ìdí tí mo fi ní páálí bíṣíkíìtì lọ́wọ́ nìyẹn.

Bó bá sú yín pátápátá, ẹ lè kó nọ́ńbà yín lọ sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mìíràn láì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tí ẹ fẹ́ lọ bá, ẹ fi PORT ránṣẹ́ sí 3232. Èmi kì í sáré gba èèyàn nímọ̀ràn yẹn, nítorí ọjà kan náà ni gbogbo wọn ń ná.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni owó fi lọ lórí fóònù ìyá, ₦850 la sì bèèrè. Ọjọ́ kẹta tí mo pe 622 ni ₦600 wọlé. Inú ìyá dùn, ó wọn ẹlùbọ́ fún mi. Lọ́jọ́ kejì ó tún na fóònù sí mi, ó ní àtẹ̀jíṣẹ́ àdúrà tí ọmọ òun máa ń kà fún òun láàárọ̀ kò wọlé mọ́. Mo ní, "Ìyá, òun gan-an ló ń gbé àádọ́ta náírà yín." Ìyá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé kò sí èyí tó jẹ́ ogún náírà?"