Bí a ṣe ń wá bóòtù àti nọ́ọ̀tì tó yẹ ẹ́ńjìnnì bàálù àfọwọ́ṣe

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń to bàálù kékeré jọ fúnra wọn ló máa ń lo ẹ́ńjìnnì Volkswagen Ìjàpá, torí pé afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò nílò omi. Ẹni tó bá fẹ́ dán irú rẹ̀ wò ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí lè rí ẹ́ńjìnnì náà rà. Bóòtù tí yóò fi dè é ló ṣòro. Bí bóòtù mọ́tò bá já, awakọ̀ á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á pe mẹkáníìkì. Ẹni tó wà lókè kò ríbi yà sí.

Kí ẹ tó jáde lọ sọ́jà, ẹ kọ gbogbo bóòtù tí ẹ nílò sílẹ̀: ibi tó ń lọ, bó ṣe nípọn tó, bó ṣe gùn tó, àti bóyá ibẹ̀ máa ń gbóná. Fáníà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí nǹkan kékeré ṣe nípọn tó, ni kí ẹ fi wọ̀n wọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. Mílímítà ni Volkswagen ń lò, ínǹṣì sì ni ọ̀pọ̀ páàtì bàálù tó ń ti Amẹ́ríkà wá. Bóòtù 5/16 ínǹṣì jẹ́ 7.94 mm, ojú lásán kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti 8 mm. Nọ́ọ̀tì ọ̀kan lè wọ ara èkejì díẹ̀, kó wá há, ọmọṣẹ́ á sì fi sípánà tì í wọlé tipátipá. Tíréèdì, ìlà yíyí tó wà lára bóòtù, ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka orí bóòtù. Bí ẹ bá rí 8.8, 8 àkọ́kọ́ ń sọ pé irin náà lè gba 800 MPa (òṣùwọ̀n agbára tó ń fa irin) kó tó já; .8 ń sọ pé tó bá ti dé ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá agbára yẹn, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í nà, kò sì ní sún kì mọ́. Bóòtù 8 mm tó jẹ́ 8.8 tòótọ́ lè gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta kó tó já. 10.9 lágbára jù ú lọ. Àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yẹn. Bí kò bá sí, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Èyí tí orí rẹ̀ pọ́nrọ́n láìní nọ́ńbà, géètì ni kí ẹ fi í kàn. Lára ti ínǹṣì, ìlà ni wọ́n fi ń sọ ipele agbára: ìlà mẹ́ta lórí bóòtù ni Grade 5, mẹ́fà ni Grade 8. Bóòtù bàálù gan-an ni wọ́n ń pè ní AN, àgbélébùú tàbí ìràwọ̀ ló máa ń wà lórí rẹ̀. AN4 jẹ́ 1/4 ínǹṣì, AN5 jẹ́ 5/16.

Fún ìdérí àti àwọn nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́, ẹ lè rà ní Tákìé, ní Gate n'Ìbàdàn, tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó. Ṣùgbọ́n bóòtù abẹ̀bẹ̀ iwájú tó ń fa bàálù, àti èyí tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara bàálù, èmi ò ní rà wọ́n lọ́jà páàtì láé. Ẹ da owó pọ̀, kí ẹ bá Aircraft Spruce, ilé iṣẹ́ tó ń ta páàtì bàálù l'Ámẹ́ríkà, rà á. Ẹ má lo tòkunbọ̀ síbẹ̀, kódà bó mọ́ bí awò: irin tó ti nà rí tàbí tó ti gbọ̀n fún ọdún púpọ̀ lè ti sán nínú láìhàn síta.

Èyí tí ẹ rà lọ́jà, ẹ ra méjì lé, kí ẹ dán an wò. Ẹ dè é mọ́ irin tó nípọn nínú fáìsì, kí ẹ fi tọ́ọ̀kì, sípánà tó ń ka agbára tí ẹ fi ń fún bóòtù, fà á. 25 Nm (òṣùwọ̀n agbára yíyí) kò yẹ kó ṣe 8 mm 8.8 ní nǹkan kan. Ẹ tú u, kí ẹ fìka yí nọ́ọ̀tì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá há níbì kan, tíréèdì ti nà, ayédèrú ni. Ẹ má sì gbé bóòtù 12.9 lọ fún àwọn tó ń fi kúrómù dán irin: gáàsì hydrogen máa ń wọnú irin líle bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, á sì já lójijì láìkọ́kọ́ nà.

Ní ti nọ́ọ̀tì, èyí tó ní rọ́bà nínú kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ sàlẹ́ńsà; ooru tó bá ju 121°C lọ ń ba rọ́bà yẹn jẹ́. Onírin pátápátá ni kí ẹ lò níbẹ̀. Ibi tí nǹkan bá ti ń yí lórí bóòtù, nọ́ọ̀tì olójú tí a ń ki pín bọ̀ ló yẹ.

Bí abẹ̀bẹ̀ yín bá jẹ́ igi, ẹ fọkàn sí ọyẹ́. Ọyẹ́ á fa omi inú igi gbẹ, igi á sún kì, bóòtù tí ẹ fún nígbà òjò á sì dẹ̀. Ẹ tún fi tọ́ọ̀kì yẹ̀ ẹ́ wò bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, àti bí òjò bá ti padà, torí igi tó wú á fún bóòtù jù.

Ilẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì náà, kí ẹ so ó mọ́ ohun tó dúró ṣinṣin. Fífò dọwọ́ ìyọ̀ǹda NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà. Kí ẹ tó tan án, ẹ fi ọ̀dà èékánná pupa fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dé ara irin tó jókòó lé. Ẹ pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wo ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ìlà rẹ̀ bá ti yẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ wádìí ohun tó tú u kí ẹ tó tún fún un.