Bí Mo Ṣe Rin Ọgbà Àwọn Ọba Mughal Já Lórí Kọ̀ǹpútà

Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ àwọn ọba Mughal ti gbà mí lọ́kàn, àwọn ọba Íńdíà tí ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Babur ṣẹ́gun ní Panipat lọ́dún 1526, tí ọmọ-ọmọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ Shah Jahan sì wá kọ́ Taj Mahal, ilé sàréè funfun tó wà ní ìlú Agra. Owó ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Agra kò tíì sí. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti kọ́ ọgbà àti ààfin ní ìlànà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Mughal sínú Second Life, ayé kan lórí kọ̀ǹpútà, mo sì pinnu pé n ó lọ wò ó fínnífínní. Bí mo ṣe lọ nìyí, fún ẹni tó bá fẹ́ lọ.

Second Life jẹ́ ayé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ Linden Lab ṣí lọ́dún 2003. Àwọn tó ń wọ inú rẹ̀ ló ń fọwọ́ ara wọn kọ́ ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀. Mo gba ètò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, mo yan avatar, ìyẹn ènìyàn tí yóò dúró fún mi níbẹ̀, mo wá kọ “Mughal” síbi tí wọ́n ti ń wá ibi àbẹ̀wò. Mo tẹ èyí tó wù mí, kò pẹ́ tí mo fi bá ara mi níwájú ẹnubodè pupa gàgàrà kan.

Ẹ má tíì rìn. Eérú ni gbogbo nǹkan máa ń rí lójú lákọ̀ọ́kọ́, títí àwòrán ara ògiri yóò fi dé tán. Bí mo ṣe ń dúró, mo lọ sí apá Graphics nínú ètò náà, mo fa ibi tí ojú lè ríran dé kọjá 128 mítà, mo sì tan òjìji. Ó pọn dandan. Àwọn Mughal kọ́ ilé wọn kí wọ́n lè rí i láti òkèèrè, ní òpópónà tó tọ́ gbọọrọ, ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì mọ sí ìdajì ọgbà kò tíì rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni mo fi oòrùn sí ìrọ̀lẹ́, torí pé bí ó bá jẹ́ ọ̀sán gangan, òkúta mábù funfun máa ń fọ́ni lójú ni, kì í fi iṣẹ́ ara rẹ̀ hàn.

Mo gba ẹnubodè kọjá. Ọgbà náà pín sí mẹ́rin, omi tóóró mẹ́rin sì pàdé láàárín. Chahar bagh ni wọ́n ń pe irú ọgbà bẹ́ẹ̀, láti ilẹ̀ Páṣíà ló sì ti wá. Ẹni tó bá ka Kùránì á rántí odò omi, odò wàrà, odò ọtí àti odò oyin tó wà nínú àlùjánńnà. Lára ẹnubodè Taj Mahal gan-an, Súrà kọkàndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n kọ síbẹ̀, èyí tó parí sí ìpè pé kí ọkàn tó balẹ̀ wọ àlùjánńnà Olúwa rẹ̀. Àyè tí wọ́n ń pè ní region nínú Second Life jẹ́ mítà 256 níbùú àti lóròó, bẹ́ẹ̀ ọgbà Taj Mahal nìkan tó nǹkan bí mítà 300 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, yóò fún un pọ̀ ni. Àwọn tó kọ́ ibí yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n àti ìpín ọgbà ni wọ́n dì mú, wọ́n sì kọ́ ilé tiwọn sínú rẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni mo kà á sí.

Jali ló dá mi dúró jù. Ògiri òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n dá ihò sí lára títí ó fi rí bí ojú lèésì, kí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, kí ẹni tó wà níta má sì rí ti inú. Èyí tó gbajúmọ̀ wà lára ilé sàréè Salim Chishti, ẹni mímọ́ Mùsùlùmí kan, ní Fatehpur Sikri, ìlú tí ọba Akbar, ọmọ-ọmọ Babur, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́dún 1571. Mo mú avatar mi wọ yàrá kan tí jali yí ká, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa wákàtí oòrùn díẹ̀díẹ̀. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà bo ilẹ̀. Bí oòrùn ṣe ń rẹlẹ̀, ìràwọ̀ náà ń gùn, wọ́n gun orí ògiri kejì, wọ́n sì kọjá sára aṣọ avatar mi. Mo fa á síwájú, mo fa á sẹ́yìn. Fọ́tò Fatehpur Sikri tí mo ti wò kò kéré, kò sí ọ̀kan tó fi èyí hàn mí.

Ní ti òdòdó ara ògiri, kò tẹ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni. Nínú ilé sàréè tí Nur Jahan, ìyàwó ọba Jahangir, kọ́ fún bàbá rẹ̀ ní Agra láàárín 1622 sí 1628, òkúta aláràbarà ni wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n tẹ̀ bọ inú mábù. Kọ̀ǹpútà kò tíì lè fi ọwọ́ tó gé e hàn wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá yé mi ni ti kámẹ́rà. Nínú Second Life, ẹ̀yìn avatar ni ojú yín wà, ó sì ga ju orí rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá tẹ Alt, tí ẹ fi máòsì fa, ojú yín lè fo odi, kó máa wo àgbàlá láti òkè nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí àwọn ayàwòrán Mughal ṣe ń wo nǹkan náà nìyẹn! Àwòrán kan wà ní Victoria and Albert Museum ní London, tí wọ́n yà ní nǹkan bí 1590 fún Akbar. Bishndas ló yà á, Nanha ló ya ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Babur ló dúró síbẹ̀ tí ó ń darí àwọn tó ń fi okùn wọn Bagh-i Wafa, ọgbà rẹ̀. Ọgbà náà tẹ́ sílẹ̀ bí ẹni wò ó láti òkè, àwọn igi àti ènìyàn sì dúró gbọnrangandan bí ẹni wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ rí inú ọgbà, ẹ tún rí ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Mo ṣí àwòrán náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbé kámẹ́rà sókè títí ìpín mẹ́rin ọgbà náà fi tẹ́ bíi tirẹ̀. Látìgbà náà ni mo ti gbà pé àwọn ayàwòrán ni irú ibi báyìí sún mọ́ jù, ju àwọn ọ̀mọ̀lé lọ.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ́kọ́ wo àwòrán Bishndas yẹn lórí ìkànnì museum náà kí ẹ tó wọlé. Kọ̀ǹpútà tí kò bá lágbára, ẹ pa òjìji nígbà tí ẹ bá wà nínú ọgbà, kí ẹ wá tàn án tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ jali.