Ẹ Pè Wọ́n Kí Iná Tó Ṣẹ́ Yọ: Ọ̀rọ̀ Panápaná Ìlú Ọba

Bí ẹ bá dé Ìlú Ọba, tẹ́ ẹ rí ọkọ̀ pupa panápaná níwájú ilé aládùúgbò yín, tí kò sí èéfín, tí kò sí ariwo, ẹ má sáré bu omi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ni ilé ló ránṣẹ́ pè wọ́n pé kí wọ́n wá bá òun yẹ ilé wò. Wọ́n á wọlé, wọ́n á wo ilé ìdáná, wọ́n á béèrè ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣáájì fóònù lálẹ́, wọ́n á wo àláàmù tó wà lókè àjà, wọ́n á sì máa lọ. Kọ́bọ̀ kan, wọn ò ní gbà.

Mo mọ ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọmọ Èkó tí wọ́n bá ti dárúkọ panápaná, torí Ṣómólú ni wọ́n ti tọ́ mi, ibẹ̀ náà ni mo padà sí lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ní gúúsù London. Lọ́dọ̀ wa, ìgbà tí iná bá ti ń jó la máa ń rántí wọn. Ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2019 tí iná sọ ní ọjà Balógun, àwa tá a mọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ ohun tí ojú panápaná ń rí níbẹ̀: títì tóóró, àtẹ lọ́tùn-ún lósì, ọkọ̀ omi ò lè sáré wọlé. Àwọn tiwa náà máa ń lọ bá ọlọ́jà àti ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó yẹ kí 767 àti 112, nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, wà lórí fóònù gbogbo wa. Ṣùgbọ́n pé kí èèyàn pe panápaná wá sí yàrá ara rẹ̀ nígbà tí nǹkan kan ò ṣe é, àṣà yẹn ò tíì mọ́ wa lára. Òun ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń di ẹrù lọ́wọ́ ní Yaba, ní Súrùlérè, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mú dání lọ.

Agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ní panápaná tirẹ̀. Ti London ni London Fire Brigade. Scotland ní ẹyọ kan ṣoṣo fún gbogbo ilẹ̀ wọn láti ọdún 2013. Ẹ wá orúkọ ti agbègbè yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “home fire safety visit” sí. Wọ́n á bi yín ní ìbéèrè díẹ̀: ẹni mélòó ló ń gbé ilé, ṣé ẹnì kan ń mu sìgá, ṣé àgbàlagbà wà níbẹ̀ tàbí ẹni tí kò lè rìn kíákíá. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ewu wọn pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ewu tirẹ̀ kéré lè gba ìmọ̀ràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, tí màmá yín bá wá láti Èkó wá bá yín wo ọmọ, ẹ sọ fún àwọn panápaná. Màmá tí kò gbọ́ irú igbe àláàmù bẹ́ẹ̀ rí kò ní mọ̀ pé ṣe ló yẹ kóun jáde.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í pè wọ́n nítorí ẹ̀rù. Wọ́n ń rò ó pé bóyá wọ́n á béèrè ìwé ìgbélùú, bóyá onílé á bínú. Ọ̀rọ̀ iná ni wọ́n bá wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ físà. Wọ́n máa ń dá ọjọ́ kí wọ́n tó wá, wọ́n sì máa ń mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Ẹni tó bá dé lójijì tó ní panápaná lòun, tó wá fẹ́ ta ọjà fún yín, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àláàmù, torí ibẹ̀ ni àwa Yorùbá ti ń ṣàṣìṣe jù. Nígbà òtútù àkọ́kọ́ mi, àwa márùn-ún la jọ ń gbé ilé kan, pẹ̀lú ọmọ kékeré kan. Mo ń dín ata ọbẹ̀, gbogbo fèrèsé wà ní títì nítorí òtútù, ni àláàmù bá figbe ta. Ẹnì kan nínú wa ní kí n yọ bátìrì rẹ̀, pé bí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo yọ ọ́, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Oṣù mẹ́ta la fi sùn lábẹ́ nǹkan tí kò lè ké mọ́. Lóru ọjọ́ kan, ṣájà fóònù tí ọ̀kan nínú wa fi sábẹ́ ìrọ̀rí gbiná mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ikọ́ ló jí mi. A rí iná náà pa, ẹnikẹ́ni ò kú, ṣùgbọ́n títí dòní, tí mo bá rántí pé ọmọ ọdún méjì ń sùn ní yàrá kejì, ara mi máa ń gbọ̀n. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Irú oorun tí mo sùn fún oṣù mẹ́ta nìyẹn.

Nígbà tí àwọn panápaná wá sílé wa lẹ́yìn náà, wọn ò bú wa. Wọ́n ṣàlàyé pé àláàmù tó ń gbọ́ èéfín kì í ṣe ti ilé ìdáná. Èyí tó ń gbọ́ ooru ni wọ́n ń gbé síbẹ̀, ìyẹn kì í ké nítorí ata dídín. Ti èéfín á wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti lókè àtẹ̀gùn. Tẹ́ ẹ bá ń dáná, ẹ pa ilẹ̀kùn ilé ìdáná dé, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé, bó ti wù kí òtútù mú tó. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì àláàmù wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Tó bá ti pé ọdún 10, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Òfin sì wà lẹ́yìn yín. Ní England, láti ọdún 2015, ẹni tó bá ń yáni nílé gbọ́dọ̀ fi àláàmù èéfín sí ìpele kọ̀ọ̀kan tí èèyàn ń gbé nínú ilé náà. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2022, tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé ó ti bàjẹ́, ó gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Tó bá kọ̀, káńsù lè bu owó ìtanràn tó tó £5,000 lé e. Ẹ fi í ránṣẹ́ lórí íméèlì kí ẹ̀rí lè wà. Ní Scotland, láti oṣù kejì ọdún 2022, òfin ní kí àwọn àláàmù inú ilé so pọ̀, tí ọ̀kan bá ké kí gbogbo wọn ké.

Ọ̀rọ̀ òróró. Àwa tá à ń dín dòdò àti àkàrà, ẹ má jẹ́ kí òróró kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ìkòkò. Tó bá gbiná, ẹ má gbé ìkòkò náà, ẹ má sì da omi sí i láéláé. Omi wúwo ju òróró lọ, ìsàlẹ̀ ni yóò rì sí, yóò di ooru omi lójú ẹsẹ̀, yóò sì ta òróró oníná yẹn sókè dé àjà. Ẹ pa sítóófù tọ́wọ́ bá tó o, ẹ jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì Ìlú Ọba.

Ẹ ti mọ carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró kan, láti Èkó, bẹ́ ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òun ló ń pa gbogbo ará ilé tó tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó sùn. Kò lóòórùn, kò láwọ̀. Lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ gáàsì tó ń gbé ooru kiri ilé ló lè tú u síta tó bá bàjẹ́, àti èédú tí èèyàn bá gbé wọlé láti fi sun súyà tàbí láti fi yá iná. Ẹ má gbé èédú wọlé rárá. Tí orí bá ń fọ́ gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ jáde síta, kẹ́ ẹ pe àwọn onígáàsì ní 0800 111 999.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fi kẹ̀kẹ́ oníbátìrì gbé oúnjẹ kiri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣáájì rẹ̀ lóru tẹ́ ẹ bá ń sùn, ẹ má sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbà sá jáde. Bátìrì yẹn kì í rọra jó, ìbúgbàù ni. Ilẹ̀kùn wúwo tó ń ti ara rẹ̀ padà nínú fúláàtì, ẹ má fi àpò ìrẹsì gbé e ṣí. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ṣe láti dá iná dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwa tí irin ojú fèrèsé àti àgádágodo ti mọ́ lára, a máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ fi í sí tòsí ilẹ̀kùn, níbi tí gbogbo ará ilé mọ̀.

Tó bá jẹ́ ilé gíga lẹ̀ ń gbé, ẹ ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nísàlẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kó wọlé. Àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ ni kẹ́ ẹ dúró nínú fúláàtì yín, àyàfi tí iná tàbí èéfín bá ń dé ọ̀dọ̀ yín. Àwọn míì ní kí gbogbo èèyàn jáde. Ní Grenfell Tower ní London, ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, iná tó bẹ̀rẹ̀ láti ara fìríìjì kan ní àjà kẹrin gun gbogbo ilé náà. Èèyàn 72 ló kú. Tí iná bá sọ, ẹ má wọ lífíìtì.

Ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ panápaná àdúgbò yín náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣílẹ̀kùn fún ará àdúgbò, àwọn ọmọdé á gun ọkọ̀, wọ́n á di rọ́bà omi mú. Nígbà míì wọ́n á fọ mọ́tò àwọn èèyàn láti fi kó owó àánú jọ. Ní àwọn ìlú kéékèèké, panápaná yẹn lè jẹ́ ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, tàbí tíṣà, tó ń sá kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pè é. Ọmọ tó ti mọ ojú wọn kò ní sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ẹni tó gbé ìbòjú sójú tó wá gbà á là.

999 ò gbowó. 112 tẹ́ ẹ mọ̀ ní Èkó náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1935, iná jó ilé kan ní Wimpole Street ní London, obìnrin márùn-ún kú. Aládùúgbò wọn pe panápaná, ṣùgbọ́n orí ìlà ni wọ́n fi í sí. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi dá 999 sílẹ̀, ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1937 ló bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pè é, ẹ kọ́kọ́ sọ “fire”, lẹ́yìn náà àdírẹ́sì àti postcode, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí àdúgbò yín. Ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè wá ògbufọ̀ fún un lórí ìlà.

Nígbà tí màmá mi wá kí mi, mo kọ postcode náà gàdàgbà sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. Gbólóhùn mẹ́ta ni mo kọ́ wọn: “Fire.” “Yoruba.” Lẹ́yìn náà postcode, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Tó bá di àárọ̀ Sátidé, màá tẹ bọ́tìnnì àláàmù, a ó sì jọ ka gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan kí ẹ̀kọ tó délẹ̀.