Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sukúù nọ́ọ̀sì, bẹ́ ẹ ṣe máa kojú kọ́ọ̀sì ọdún àkọ́kọ́ rèé

Ẹni tó bá rò pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi lé òun lọ́wọ́, kó fara balẹ̀ o, torí ìwé ni wọ́n á kọ́kọ́ dì rù yín: anátómì (ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara), fisiọ́lọ́jì (bí ẹ̀yà ara ṣe ń ṣiṣẹ́), maikirobayọ́lọ́jì (ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò tójú ò lè rí), kẹ́mísírì díẹ̀, saikọ́lọ́jì (ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá), ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ aṣaralóore, àti ìpìlẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀. Orúkọ wọn lè yàtọ̀ láti sukúù kan sí òmíì, inú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú ni pé wọ́n á ka anátómì torí ìdánwò, bí ìdánwò bá ti tán wọ́n á dà á nù, bẹ́ẹ̀ òun náà ni wọ́n máa fi bi wọ́n léèrè tí wọ́n bá dé wọ́ọ̀dù.

Anátómì yìí ni kẹ́ ẹ fún lákòókò jù. Egungun 206 ló wà lára àgbàlagbà, ẹ má gbìyànjú àtikó gbogbo ẹ̀ sórí lóru ọjọ́ kan. Ẹ máa tọ nǹkan lẹ́sẹẹsẹ ni. Ẹ mú ọkàn, ẹ ya yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ sórí pépà, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀: èyí tí ara ti lo ọ́síjìn inú ẹ̀ á wọ yàrá òkè lápá ọ̀tún, á sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀, ibẹ̀ á tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, á gba ọ́síjìn níbẹ̀, á padà wọ yàrá òkè lápá òsì, á bọ́ sí ìsàlẹ̀, ìyẹn ló wá máa tì í káàkiri ara. (Ọ̀tún aláìsàn ni wọ́n ń pè ní ọ̀tún o, kì í ṣe ọ̀tún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wo àwòrán.) Ẹ wá bi ara yín, tí yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì yẹn ò bá lágbára mọ́ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ á kó jọ sẹ́yìn, ẹ̀dọ̀fóró ló sì wà lẹ́yìn ẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jò síbẹ̀, ẹni náà ò ní lè mí dáadáa tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi máa ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó, tó ń ki ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Ẹni tó bá kà á báyìí ò nílò àtikọ́ ọ sórí.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìṣègùn tó gùn gbọọrọ, ẹ já wọn sí wẹ́wẹ́. Hyper- ni lókè, hypo- ni nísàlẹ̀, ẹ má ṣi méjèèjì mú láéláé, torí hyperglycemia ni kí ṣúgà pọ̀ jù lẹ́jẹ̀, hypoglycemia ni kó lọ sílẹ̀ jù, tẹ́ ẹ bá lọ fún ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ fún ní ṣúgà ní insulin, òògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, wàhálà ti dé nìyẹn.

Ìṣirò òògùn ló ń lé ọ̀pọ̀ sá, mi ò sì mọ ìdí, torí ìlọ́po àti pínpín lásán ni. Ẹ máa ṣe díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo ẹ̀ di ìwọ̀n kan náà: 1 g (gíráàmù) jẹ́ 1000 mg (mílígíráàmù), 1 mg jẹ́ 1000 mcg (maikirogíráàmù). Ká ní dókítà kọ 0.25 mg, tí wọ́n wá kọ ọ́ sára páálí pé 125 mcg ló wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì kan, 0.25 mg yẹn jẹ́ 250 mcg, ẹ fi 125 pín in, tábúlẹ́ẹ̀tì 2 nìyẹn. Dírípù náà ò le: 1000 mL láàárín wákàtí 8, tí okùn ẹ̀ bá ń kán ẹ̀kán 20 fún mL kan, ẹ sọ 1000 di ìlọ́po 20, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú 480 pín in, ó di bí ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ máa kọ 0.5, ẹ má kọ .5, ẹ kọ 5, ẹ má kọ 5.0, torí ẹni tó ń kánjú lè má rí ààmì yẹn, á wá fún aláìsàn ní ìlọ́po mẹ́wàá. Tí ìdáhùn bá sì ní kẹ́ ẹ fún ẹnì kan ní tábúlẹ́ẹ̀tì 15 lẹ́ẹ̀kan, ẹ dá ọwọ́ dúró, ẹ tún un ṣe.

Iṣẹ́ ọwọ́ ní tiẹ̀, ara èèyàn lẹ ti máa kọ́ ọ. Ẹ mú rúùmù-méètì yín jókòó. Ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín lẹ máa fi wá pulse (bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù) lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀, níhà àtàǹpàkò, ẹ má lo àtàǹpàkò tiyín o, òun náà ń lù, ẹ lè máa ka tara yín. Ìṣẹ́jú kan gbáko. Tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ má tíì fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀, ẹ ṣe bíi pé ẹ ṣì ń kà á, àyà ẹ̀ lẹ wá máa wò, kó gòkè kó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ èémí kan, torí ẹni tó bá ti mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun, kíá ló máa yí i padà. Fún àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, 60 sí 100 ni ti pulse, 12 sí 20 ni ti èémí. Tó bá kan BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀), kó sinmi ìṣẹ́jú 5 ná, ẹsẹ̀ nílẹ̀, apá lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn, kó panu mọ́, ara apá gan-an lẹ máa wé cuff, ìyẹn ọ̀já ẹ̀rọ BP, mọ́, kì í ṣe orí aṣọ. Tí cuff tẹ́ ẹ wé bá kéré jù fún apá ẹ̀, BP tí ò ga á ga lójú yín.

Maikirobayọ́lọ́jì lè dà bí orúkọ kòkòrò lásán, ọwọ́ fífọ̀ ló wà nídìí ẹ̀. Ní Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, ní 1847, dókítà kan tó ń jẹ́ Semmelweis ní káwọn dókítà máa fi omi kilorín fọwọ́ kí wọ́n tó kan àwọn tó ń rọbí, ikú àwọn ìyá sì lọ sílẹ̀ gan-an. Orí ìka àti àtàǹpàkò làwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù tí wọ́n bá ń fọwọ́.

Saikọ́lọ́jì àti oúnjẹ ò ní dààmú yín tẹ́ ẹ bá ń lọ kíláàsì. Ìbéèrè ìdánwò nọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ tètè mọ́ lára: ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dáa, wọ́n á ní èwo lẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí èémí ń gbà, lẹ́yìn náà bó ṣe ń mí, lẹ́yìn náà bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó bá ní kẹ́ ẹ pe dókítà, torí ohun tó máa bi yín ni pé kí lẹ rí lára aláìsàn, ẹ ò sì tíì wò ó. Àfi tí ìbéèrè bá ti sọ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, ìgbà yẹn lẹ lè mú un.